Òbúkọ Tí Wọ́n Ń Pè Ní Àgbò: Wúrà, Òkúta àti Ọ̀dà Ilẹ̀ Lára Ère Ìlú Úrì

(Ọ̀rọ̀ àsọyé fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ọnà àti àwọn òbí wọn)

Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa, ẹ kú ìkàlẹ̀. Mo dúpẹ́ pé ẹ fi ọjà àti iṣẹ́ ilé sílẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé láti wá gbọ́ ọ̀rọ̀ lórí ère kan ṣoṣo. Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn á ti máa rò ó nínú ara rẹ̀ pé kí la fẹ́ rí sọ fún odidi wákàtí kan nípa ère ẹranko. Ẹ ṣáà fún mi láyè díẹ̀.

Gbogbo wa níbí la ti rí òbúkọ tó ń wá ewé jẹ. Bí ewé ìsàlẹ̀ bá tán, kò ní lọ. Á gbé ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì lé ògiri tàbí lé ara igi, á fi tẹ̀yìn nàró bí ènìyàn, á na ọrùn, á sì máa já ewé tí ẹnu àgùntàn ò lè dé. Ìyá mi ní ọgbà ẹ̀fọ́ kan lẹ́yìn ilé wa nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Àìmọye ìgbà ni wọ́n rán mi pé kí n lọ lé òbúkọ tó dúró bẹ́ẹ̀ sára ọgbà náà. Nítorí náà, lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ rí àwòrán ère tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, kí n tó ka ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀ ni mo ti mọ ohun tí ẹranko náà ń ṣe. Ìgbà tí mo wá kà á, wọ́n ní àgbò ni. Ẹnu yà mí.

Ère náà kò tóbi. Gíga rẹ̀ kò pé sẹ̀ǹtímítà 46. Bí ẹ bá gbé e sílẹ̀, orúnkún àgbàlagbà ni orí rẹ̀ máa mọ. Ìlú Úrì ni wọ́n ti rí i, ní gúúsù orílẹ̀-èdè Ìráàkì òde òní, ní ilẹ̀ tí àwọn ará Súmérì ń gbé láyé àtijọ́. Láàárín 2600 àti 2400 kí a tó bí Jésù ni wọ́n ṣe é. Lónìí, ó wà nínú British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù, ní yàrá 56. Ó ní ìkejì, ìyẹn wà ní Amẹ́ríkà. Màá padà sórí ìyẹn.

Leonard Woolley, awalẹ̀pìtàn ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló wa ilẹ̀ Úrì láti 1922 títí di 1934. British Museum àti mùsíọ́mù Yunifásítì Pennsylvania ló jọ rán an níṣẹ́. Ó kan itẹ́ òkú tí sàréè inú rẹ̀ tó nǹkan bí 1,800, ó sì ya 16 sọ́tọ̀ nínú wọn pé ti ọba àti ayaba ni. Ọ̀kan wà nínú wọn tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 1237, tí ó pè ní Kòtò Ikú Ńlá. Ènìyàn 74 ló dùbúlẹ̀ síbẹ̀: ọkùnrin 6, obìnrin 68, ọ̀pọ̀ nínú àwọn obìnrin náà sì wọ ohun ẹ̀ṣọ́ wúrà àti fàdákà sórí. Àwa ní ọ̀rọ̀ fún irú wọn lédè wa: abọ́bakú. Láàárín àwọn òkú yẹn, àtàwọn dùùrù olórí màlúù tí wọ́n sin mọ́ wọn, ni ère méjì ti dùbúlẹ̀ nítòsí ara wọn, nígbà ìwalẹ̀ ọdún 1928 sí 1929. Mi ò ní dúró pẹ́ nínú kòtò náà. Ọ̀rọ̀ àwọn tó kú síbẹ̀ tó ọ̀rọ̀ àsọyé kan fúnra rẹ̀, kò sì yẹ ká fi wọ́n ṣe ẹ̀bá ọ̀nà ọ̀rọ̀ ewúrẹ́.

Woolley ló sọ ère náà lórúkọ. Ọmọ àlùfáà ni, ó mọ Bíbélì rẹ̀ dáadáa, Bíbélì sì sọ pé Úrì ni Ábúráhámù ti jáde wá. Bó ṣe rí ẹranko oníwo láàárín ẹ̀ka igi, ọkàn rẹ̀ lọ tààrà sí orí 22 ìwé Jẹ́nẹ́sísì, níbi tí Ábúráhámù ti gbójú sókè tó rí àgbò tó fi ìwo há ní pàǹtírí, ìyẹn igbó tó dí. Àwọn Mùsùlùmí tó wà láàárín wa náà mọ àgbò yẹn. Òun là ń rántí lọ́dún Iléyá. Orúkọ náà dùn, kò sì ṣòro láti rántí, bó ṣe lẹ̀ mọ́ ère náà títí dòní nìyẹn: Àgbò Inú Pàǹtírí. Ṣùgbọ́n ọjọ́ ère yìí ti pẹ́ gan-an kí ẹnikẹ́ni tó kọ ìtàn Ábúráhámù sílẹ̀, ẹranko tó wà nínú rẹ̀ kì í ṣe àgbò, kò sì há síbì kankan.

Ẹ wò ó dáadáa. Àgbò kì í dúró báyìí. Bí àgbò bá fẹ́ jà, ẹ̀yìn ló ń fà sí kó tó sáré wá kàn án. Òun ni àwọn àgbà ṣe ní àgbò tó fẹ̀yìn rìn, agbára ló lọ mú wá. Òbúkọ ni í fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn nàró, ì báà jẹ́ ìjà, ì báà jẹ́ oúnjẹ. Irùngbọ̀n wà ní àgbọ̀n ère yìí. Ìwo rẹ̀ kò ká mọ́ etí bíi ti àgbò. Ó lọ́ bí okùn, ó sì nà jáde síta. Àwọn onímọ̀ òde òní gbà pé ewúrẹ́ ni, àwọn kan sì sọ ọ́ di markhor, ewúrẹ́ orí òkè tí ìwo rẹ̀ máa ń lọ́ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́.

Mi ò sọ èyí láti fi tàbùkù olóògbé. Láìsí sùúrù Woolley, kò sí ohun tí à bá máa wò lónìí, ẹ ó sì gbọ́ ìdí rẹ̀ láìpẹ́. Orúkọ ni mo ń bá wí, torí pé orúkọ a máa darí ojú. Ẹni tí wọ́n bá ti sọ fún pé ẹranko tó há ló ń wò, ìpayà ló máa wá lójú rẹ̀, ọ̀bẹ Ábúráhámù ló máa rí lẹ́yìn rẹ̀. Bí ẹ bá yọ orúkọ yẹn kúrò, ohun tó kù níwájú yín ni ewúrẹ́ tó ń jẹun, àti ẹnì kan tó ti jókòó wo ewúrẹ́ tó ń jẹun fún ìgbà pípẹ́ kó tó mú irinṣẹ́. Ẹni yẹn ni mo wá sọ̀rọ̀ rẹ̀. A ò mọ orúkọ rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ nìkan ló kù.

Ẹ jẹ́ ká tú ère náà palẹ̀, ká wo bí wọ́n ṣe tò ó pọ̀.

Igi ni ìpìlẹ̀ rẹ̀. Orí àti ẹsẹ̀ ni wọ́n fara balẹ̀ gbẹ́ jù, ìdí rẹ̀ sì hàn: wúrà ló máa bò wọ́n. Wúrà tí wọ́n ti lù tó fẹ́lẹ́ bí ewé kì í bo àṣìṣe mọ́lẹ̀. Ohunkóhun tó bá ti wà lára igi ló máa yọ lára rẹ̀. Nítorí náà, egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́, ihò imú, ìtẹ̀sí ìsẹ̀ orúnkún, gbogbo rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti pé lára igi kí wúrà tó débẹ̀. Wọ́n fi ọ̀dà ilẹ̀, ìyẹn ọ̀dà dúdú tó ń sun jáde nínú ilẹ̀, pa igi náà lára díẹ̀, kò nípọn, wọ́n tẹ wúrà mọ́ ọn, wọ́n sì rọra lù ú títí tó fi wọ gbogbo kọ̀rọ̀.

Ara ẹranko náà ńkọ́? Wọn ò gbẹ́ ìyẹn dé ibì kankan. Wọ́n kàn gé igi kó ní ìrísí ikùn àti ẹ̀yìn ni, wọ́n wá fi ọ̀dà ilẹ̀ tó nípọn bò ó. Inú ọ̀dà yẹn ni wọ́n ń ki irun bọ̀, ìdì kan lẹ́yìn ìdì kan. Ìkarahun inú òkun ni irun náà. Ìdì irun kọ̀ọ̀kan ni wọ́n gé lọ́tọ̀, ẹnu rẹ̀ mú ṣóńṣó nísàlẹ̀, wọ́n sì fá ilà sí i lára kó lè dà bí irun tó ṣù pọ̀. Wọ́n tò ó ní ìlà lé ìlà, bí ìpẹ́ ẹja. Ẹ̀yin tí ẹ ti gé ìkarahun rí, bóyá láti fi ṣe ìlẹ̀kẹ̀, ẹ mọ bó ṣe máa ń fọ́ mọ́ni lọ́wọ́. Ẹni yìí gé e títí tó fi kún ẹ̀yìn, ìhà àti itan, ère méjì ló sì gé e fún.

Ìkarahun funfun yẹn dé èjìká, ó dáwọ́ dúró. Láti ibẹ̀ lọ sókè, òkúta búlúù ni irun, òkúta tí à ń pè ní lapis lazuli. Òun náà ni ìwo, òun ni irùngbọ̀n, òun ló wà nínú ojú. Mo ti rí òbúkọ tó dúdú láti orí dé èjìká, tó sì funfun láti ibẹ̀ lọ sẹ́yìn. Ẹ̀yin náà ti rí i. Fún àwọn ará Súmérì, òkúta búlúù yìí ni wọ́n fi ń ṣe irun tó dúdú. Bí wọ́n bá ṣe ère ènìyàn, òun ni wọ́n máa ń tò sí ìpéǹpéjú. Nínú ewì wọn, Utu, òrìṣà oòrùn, irùngbọ̀n lapis ló ní. Nítorí náà, èmi rò pé oníṣọ̀nà yìí kò fi búlúù ṣe àrà lásán. Òbúkọ aláwọ̀ méjì ló rí, aláwọ̀ méjì ló sì ṣe.

Etí rẹ̀, bàbà ni. Bàbà náà ti di àwọ̀ ewé báyìí nítorí ọjọ́ pípẹ́ nínú ilẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tó wà ní tuntun, pípọ́n ló pọ́n. Kí ló dé tí wọn ò fi wúrà ṣe etí bí wọ́n ti fi ṣe ojú? Èrò tèmi rèé, ẹ lè jà á níyàn. Etí fẹ́lẹ́, ó sì yọ síta. Bí wọ́n bá gbẹ́ igi tó fẹ́lẹ́ tó bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó fi wúrà bò ó, ìjàǹbá díẹ̀, ó ti ṣẹ́. Bàbà le, ó lè dá dúró láìsí igi nínú. Ẹni tó ronú bẹ́ẹ̀ mọ ohun tí nǹkan kọ̀ọ̀kan lè gbà àti ohun tí kò lè gbà.

Ikùn rẹ̀, fàdákà ni wọ́n fi bò ó. Ìsàlẹ̀ ikùn ewúrẹ́ kì í ní irun gígùn, àwọ̀ rẹ̀ a sì máa fúyẹ́. Fàdákà tó ń dán, tó sì tẹ́jú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkarahun tó rí ṣákaṣàka, bá ìyẹn mu. Ó dùn mí pé fàdákà náà ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe. Ẹ̀yin àgbà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ forí jì mí fún èyí: nǹkan ọkùnrin rẹ̀, wúrà ni wọ́n fi ṣe é. Wọn ò fi í pamọ́. Akọ ni, ilẹ̀ tí wọ́n sì ti ṣe ère yìí, agbo ẹran tó ń bí sí i ni ọrọ̀.

Igi tó dúró tì pàápàá, wúrà ló bò ó láti gbòǹgbò dé òdòdó. Abẹ́ gbogbo rẹ̀ wá ni pèpéle kékeré onígun mẹ́rin, tí wọ́n fi ìkarahun, òkúta pupa àti lapis tò ọnà sí lórí.

Ẹ kíyè sí ohun kan nínú gbogbo ohun tí mo kà yìí: mi ò tíì dárúkọ ọ̀dà tí a fi ń kun nǹkan. Funfun rẹ̀, ìkarahun ni. Búlúù rẹ̀, òkúta ni. Pípọ́n etí rẹ̀, bàbà ni. Wọn ò mú àwọ̀ wá láti ibòmíràn wá lẹ̀ mọ́ ọn. Bí wọ́n bá fẹ́ àwọ̀ kan, wọ́n á wá ohun tó ní àwọ̀ náà lára láti inú wá, bó ti wù kó jìnnà tó.

Ó sì jìnnà. Ilẹ̀ Súmérì kò ní wúrà, kò ní fàdákà, kò ní bàbà. Igi tó dára ṣọ̀wọ́n níbẹ̀, òkúta náà ṣọ̀wọ́n. Amọ̀, esùsú, omi odò, ọkà bálì àti àgùntàn, ohun tí wọ́n ní nìyẹn. Ìkarahun lè wá láti òkun Gulf tí kò jìnnà sí wọn. Ṣùgbọ́n òkúta lapis yìí, orí òkè Badakhshan ní àríwá ìlà-oòrùn Afganístánì ló ti wá, níbi ìwakùsà Sar-i Sang tí wọ́n ṣì ń wà títí dòní. Láti ibẹ̀ dé Úrì ju 2,000 kìlómítà lọ, kí ẹ tó ka kọ̀rọ̀ òkè àti yíyípo ọ̀nà mọ́ ọn. Kò sí ọkọ̀ ilẹ̀ o. Ẹ̀yìn kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ni, inú ọkọ̀ ojú omi ni, láti ọwọ́ oníṣòwò kan bọ́ sọ́wọ́ òmíràn. Ìtàn Súmérì kan wà tí ọba Úrúkì, ìlú Súmérì mìíràn, ti fi ọkà ránṣẹ́ sí ìlú kan lẹ́yìn òkè méje, nítorí wúrà àti òkúta lapis tó wà níbẹ̀. Ọkà lọ, òkúta bọ̀. Ẹ rántí ojú tí àwọn bàbá wa fi ń wo sẹ̀gi, ẹ ó mọ ojú tí ará Úrì fi ń wo òkúta yìí. Ẹni tó bá ń wo èjìká ewúrẹ́ náà nígbà yẹn, ìrìn àjò ló ń wò.

Kí ló wá di gbogbo ọlá yìí mú? Ọ̀dà ilẹ̀! Irú èyí tó ń sun jáde nínú ilẹ̀ wa ní Agbabu, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó. Tiwọn ń sun ní agbègbè Hit lápá òkè odò Yúfírétì, wọ́n sì ń fi í dí ọkọ̀ ojú omi kí omi má bàa wọlé, wọ́n ń fi í mọ bíríkì. Nínú gbogbo ohun tó wà lára ère yìí, òun ló pọ́ọ́kú jù. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gọ́ọ̀mù nìkan ló jẹ́. Bí ẹ bá wo àárín ìdì irun kan sí ìkejì, ẹ ó rí ilà dúdú tín-ín-rín tó ya wọ́n sọ́tọ̀. Ọ̀dà yẹn ni. Láìsí dúdú yẹn, ìkarahun funfun lórí ìkarahun funfun á kàn dà rú mọ́ra wọn lójú ni, ẹ ò ní rí irun kankan.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ ìlànà, bó ṣe gbé ojú àti bó ṣe gbé ara.

Ère yìí ní ìwà méjì, ibi tí ẹ bá dúró sí ló máa sọ èyí tí ẹ ó rí. Bí ẹ bá dúró síwájú rẹ̀ gan-an, gbogbo nǹkan dọ́gba: ìwo sọ́tùn-ún, ìwo sósì, ẹ̀ka sọ́tùn-ún, ẹ̀ka sósì, òdòdó sí ẹ̀gbẹ́ ojú lápá méjèèjì, orí ewúrẹ́ láàárín. Ó dà bí àmì tí ènìyàn lè tẹ̀ sára aṣọ. Igi náà kì í sì í ṣe igi tí ẹnikẹ́ni lè rí lóko. Òdòdó rẹ̀ ní ewé mẹ́jọ tó tò yíká bí ìràwọ̀. Òdòdó yẹn ti wà nínú iṣẹ́ ọnà wọn fún ọgọ́rùn-ún ọdún lọ́nà púpọ̀ kí wọ́n tó ṣe ère yìí. Òǹtẹ̀ kékeré kan wà ní Berlin, láti ayé Úrúkì, tí wọ́n fín ọkùnrin kan sí lára, tó di ẹ̀ka olódòdó mẹ́jọ yìí mú lọ́wọ́ méjèèjì, tí àgùntàn sì ń jẹ ẹ́ lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Àmì Inanna ni òdòdó náà, òrìṣà obìnrin tí wọ́n gbà pé ọwọ́ rẹ̀ ni irúgbìn àti agbo ẹran wà. Nítorí náà, láti iwájú, ohun tí ẹ rí ni ohun tí baba ńlá oníṣọ̀nà náà ti fi lé e lọ́wọ́, kò sì yẹ̀ ẹ́ wò rárá.

Ẹ wá rìn bọ́ sí ẹ̀gbẹ́. Ibẹ̀ ni ewúrẹ́ ti di ewúrẹ́. Gbogbo ìwúwo ara bọ́ sórí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Ẹsẹ̀ iwájú ká, ó sinmi lé ẹ̀ka. Ọrùn yọ síwájú. Èmi gbà pé kì í ṣe orí òǹtẹ̀ nìkan ni oníṣọ̀nà yẹn ti kọ́ ìdúró yìí. Ó rí i lóko ni, tàbí lẹ́yìn ọgbà ìyá rẹ̀. Ohun tó mú mi fẹ́ràn ère yìí ju ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ọnà ayé àtijọ́ lọ nìyí: ó pa òfin mọ́ láti iwájú, ó sì sọ ohun tó fojú rí láti ẹ̀gbẹ́, ọ̀kan ò ba èkejì jẹ́.

Kí ẹ má bàa rò pé ọ̀nà yìí jẹ́ ti ẹnì kan ṣoṣo, ní Tell al-Ubaid tí kò jìnnà sí Úrì, wọ́n rí ère màlúù tí wọ́n fi páànù bàbà lílù ṣe lórí igi tí wọ́n ti fi ọ̀dà ilẹ̀ bò. Orí màlúù iwájú àwọn dùùrù Úrì náà, irú iṣẹ́ kan náà ni: ojú wúrà, irùngbọ̀n lapis. Ẹ dúró níbẹ̀ ná. Màlúù wo ló ní irùngbọ̀n? Kò sí. Lára màlúù, irùngbọ̀n búlúù yẹn ń sọ pé èyí kì í ṣe màlúù inú agbo, ohun tó ga jù bẹ́ẹ̀ lọ ni. Lára ewúrẹ́ wa, irùngbọ̀n náà wà nítorí pé òbúkọ ní irùngbọ̀n. Òkúta kan náà, ibi kan náà lágbọ̀n, àmọ́ lára ọ̀kan ó jẹ́ àmì, lára èkejì òótọ́ ojú ni. Bóyá fún àwọn ará Úrì ó jẹ́ méjèèjì pọ̀ lára òbúkọ. Mi ò ní bá ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ jiyàn.

Mo ṣèlérí láti sọ ohun tí Woolley ṣe. Nígbà tí ó kan ère méjèèjì nínú ilẹ̀, kò sí igi nínú wọn mọ́. Ó ti jẹrà tán láti ìgbà láéláé. Ohun tó kù ni awọ ewúrẹ́ láìsí ewúrẹ́ nínú: wúrà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ìkarahun àti òkúta tó ṣì tò bó ṣe wà, tí ìwúwo ilẹ̀ sì ti tẹ̀ pẹlẹbẹ. Bí òṣìṣẹ́ kan bá fi ọwọ́ yára gbé e, gbogbo irun yẹn ni ì bá tú ká sínú iyẹ̀pẹ̀, kò sì sí ọlọ́gbọ́n tó lè tò ó padà. Woolley da ìda gbígbóná lé e kó lè dì wọ́n mú, ó sì gbé e jáde ní odidi. Lẹ́yìn náà ni wọ́n rọra tẹ̀ ẹ́ padà sí ìrísí rẹ̀, tí wọ́n fi ohun tuntun rọ́pò igi inú. Nítorí náà, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi, bí ẹ bá ń wo ìtẹ̀sí ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ mọ̀ pé ọwọ́ ayé òde òní wà níbẹ̀. Ojú rẹ̀, irun rẹ̀, ìwo rẹ̀, ọwọ́ àtijọ́ ni ìyẹn.

Mo ní ó ní ìkejì. Méjì ni wọ́n ṣe wọ́n, bí ìbejì, wọ́n sì jọ wà nínú ilẹ̀ kan fún ohun tó ju 4,000 ọdún lọ. Nígbà tí wọ́n pín ohun tí wọ́n wà jáde, ọ̀kan lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, èkejì lọ sí Philadelphia. Bágídádì kò ní ọ̀kankan nínú méjèèjì. Nínú British Museum kan náà ni orí idẹ kan láti Ilé-Ifẹ̀ wà, nítorí náà mi ò rò pé mo nílò láti ṣàlàyé fún yín bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe máa ń rí lára ẹni tó bá lọ wò ó. Ohun tó dùn mí jù nípa ìpínyà náà kan iṣẹ́ ọnà fúnra rẹ̀. Láti èjìká ewúrẹ́ kọ̀ọ̀kan, ọ̀pá kan yọ sókè tí wúrà bò. Ọ̀pá yẹn kò ní ìtumọ̀ kankan lára ẹranko. Ó ní láti jẹ́ pé ó ru nǹkan: àwo ẹbọ, tàbí pẹpẹ kékeré kan. Ère méjèèjì kì í ṣe ohun àfiwò nìkan, ẹsẹ̀ nǹkan ni wọ́n, bí ẹsẹ̀ àga ọba. Ohun tí wọ́n rù ti sọnù, àwọn méjèèjì kò sì dúró níwájú ara wọn mọ́, débi tí ojú á fi lè wọn àlàfo tó wà láàárín wọn.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, iṣẹ́ yín nìyí. Ní ọjọ́ Sátidé tó ń bọ̀, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan mú igi kékeré kan wá, àti ohunkóhun tí ẹ bá rí láyìíká ilé: ìkarahun ìgbín, páànù tó ti dípẹtà, àfọ́kù ìgò, èèpo àgbọn, okùn wáyà. Òbúkọ la máa ṣe. Kí ẹ kọ́kọ́ lọ wo òbúkọ tó ń jẹun o, kí ẹ wò ó fún ìdajì wákàtí láìfọwọ́ kan pẹ́ńsùlù. Mi ò fẹ́ rí ọ̀dà àwọ̀ kankan lórí tábìlì. Bí ẹ bá fẹ́ dúdú, ẹ wá ohun tó dúdú. Etí la ó sì kọ́kọ́ ṣe, nítorí etí ló máa ń yára ṣẹ́.